Ọtí Ọkà Kí Bíà Ìgò Tó Dé Mọ́kọ́lá

Bí ẹnìkan ní Ìbàdàn bá ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn pale ale, irú bíà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, nínú ilé, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò ni pé iṣẹ́ òyìnbó ló fẹ́ lọ kọ́, pé kò sí ẹni tó mọ nǹkan kan nípa bíà lágbègbè yìí kí ìgò bíà Star àkọ́kọ́ tó jáde ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 1949. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ bíà ti le jù ni kí a mú ọkà hù, kí a sì sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà tí ìwúkàrà lè jẹ. Àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́, ìtàn Mọ́kọ́lá, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, sì wà lára ohun tó fi hàn pé ọjà àti ipò láwùjọ ló fún bíà ìgò ní agbára lórí ọtí wọn.

Ẹ wo ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo. Wọn á rẹ àgbàdo sínú omi títí yóò fi mu omi yó, wọn á sẹ́ omi rẹ̀ dànù, wọn á tẹ́ ẹ sórí ewé, wọn á sì fi ewé bò ó kó lè móoru. Láàárín ọjọ́ mélòó kan yóò ti yọ ọ̀mùnú. Wọn á sá a gbẹ, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọn á sẹ́ ẹ, wọn á wá fi í sílẹ̀ kó kan. Ohun tí àwọn apọntí Burton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe sí ọkà báálì náà nìyẹn, àfi pé oòrùn wọn kò tó sá ọkà, iná ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ. Nígbà tí wọ́n rí èédú tí kì í rú èéfín púpọ̀ lò, ọkà wọn kò dúdú mọ́, ibẹ̀ ni pale ale ti rí àwọ̀ rẹ̀. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò fi tiwọn sílẹ̀: àwọn olórìṣà ibẹ̀ ṣì ń fi àgbàdo àti omi ọsàn ṣe chequeté fún ọdún òrìṣà.

Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì kó àwọn ènìyàn wá pẹ̀lú ẹrù. Wọ́n dá Sábó sílẹ̀ fún àwọn Hausa ní 1916. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní Mọ́kọ́lá, ni àwọn Nupe àti àwọn àlejò mìíràn láti òkè Ọya jókòó sí. Láti ìhà ibẹ̀ ni ọtí ọkà bàbà ti wá, pítò àti bùrùkùtù. Bùrùkùtù gan-an yẹ ní àfiyèsí, nítorí pé ọkà bàbà híhù ti òkè Ọya ni wọ́n ń pò mọ́ gàrí ti ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó kan, kí wọ́n tó sè é. Ọtí tó rí báyìí kì í ṣe ohun àtijọ́ tí kò yí padà. Àwọn tó ń pọn ọ́n ń wo ohun tó wà lọ́jà, wọ́n sì ń tún iṣẹ́ wọn ṣe. Àmọ́ ní 1966 Premier Hotel ṣí lórí òkè Mọ́kọ́lá, bíà tútù nínú ìgò sì di ohun tí ọ̀gá àti akọ̀wé ń mu. Igbá bùrùkùtù ku sí ọwọ́ lébìrà àti àwọn tí owó wọn kò tó ìgò.

Àwọn kan lè sọ pé bí ìmọ̀ bá wà lóòótọ́, kí ló dé tí ọtí náà fi ń bàjẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta? Ìbéèrè gidi ni. Họ́ọ̀pù, òdòdó kíkorò kan, ló ń pa bíà òyìnbó mọ́, ọtí ọkà wa kò sì ní in. Ṣùgbọ́n kí họ́ọ̀pù tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1400 sí 1500, ale tiwọn náà kì í pẹ́ kó tó kan, kò sì sẹ́ni tó sọ pé wọn kò mọ ọtí pọn. Pale ale tí wọ́n fi họ́ọ̀pù púpọ̀ sí ní láti fara da oṣù mélòó kan lórí òkun kó tó dé Íńdíà. Ọtí ọkà tí wọ́n ń tà ní òpópó kejì kò ní ìdí láti pẹ́.

Àwọn mìíràn á ní ọtí ilé léwu. Òótọ́ ni pé ní 2015 ọtí ìbílẹ̀ tó ní mẹ́táńọ̀ọ̀lù nínú pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ọ̀rọ̀ ògógóró nìyẹn, ọtí tí wọ́n ń fi iná yọ oru rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọtí ọkà kọ́. Ní ti àwọn tí ẹ̀sìn wọn kọ ọtí, tí wọ́n sì pọ̀ ní Ìbàdàn, èmi kò bá wọn jiyàn. Ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń sọ, èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni mu ún.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ wá láti ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ bíà fúnra wọn. Ní 1988 ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà báálì híhù wọlé. Nigerian Breweries, tó ti ṣí ilé ìpọntí ní Ìbàdàn ní 1982, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n padà sórí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ìṣòro kan dúró dè wọ́n níbẹ̀. Ní pale ale, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kàn máa rẹ báálì híhù sínú omi tó gbóná tó ìwọ̀n 65 sí 67 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí kan ni, nítorí pé sítáàṣì báálì ń rọ̀ ní ìwọ̀n yẹn. Ti ọkà bàbà kì í rọ̀ tán àfi bí omi bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ooru yẹn náà ló sì ń pa ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó sọ ọ́ di ṣúgà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ra ẹ́ńsáìmù láti òkè òkun láti fi yanjú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń pọn tchoukoutou, ọtí ọkà bàbà, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin ti yanjú rẹ̀ láìra ohunkóhun: wọn á jẹ́ kí ọkà lílọ̀ náà silẹ̀, wọn á da omi orí rẹ̀, níbi tí ẹ́ńsáìmù wà, sọ́tọ̀, wọn á se gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ dáadáa, wọn á sì wá da omi náà padà lé e nígbà tó bá ti tutù díẹ̀.

Ìyẹn gan-an ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá mọ̀ kó tó ra ọkà báálì òkèèrè. Ìwúkàrà pale ale fẹ́ràn ìwọ̀n ooru 18 sí 20, èyí tí yàrá Ìbàdàn kì í ní láìsí ẹ̀rọ amútutù. Kpètè-kpètè, ìwúkàrà tí àwọn obìnrin Benin ń mú láti inú ọtí àná lọ sínú ti òní, ń ṣiṣẹ́ nínú ooru ilẹ̀ wa láìsí wàhálà, ọkà bàbà sì wà nílẹ̀ ní ọjà Bódìjà.