Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Àgọ́ Fífúyẹ́ Ẹlẹ́nìkan àti Ìpín Ẹni Gíga Nínú Rẹ̀

Ẹni gíga, agùntáṣọọ́lò, ẹni tí a ń rí láàárín ọjà kí a tó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kì í sábà ní ẹjọ́ kankan láti bá gíga rẹ̀ rò, àfi ní ọjọ́ tí ó bá gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, tí ó dágbére fún ará ilé, tí ó fi ẹsẹ̀ rìn ní òun nìkan la òkè àti igbó kọjá, tí ilẹ̀ wá ṣú, tí ó sì rí i pé àgọ́ tí òun rù wá láti ìlú kò gba òun láti orí dé àtàǹpàkò. Àwọn baba wa ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ àgọ́ fífúyẹ́ láàárín àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí àádọ́jọ ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, yóò rí i pé agbára ẹ̀yìn tí ó ń ru ìtẹ́ ni wọ́n máa ń wọ̀n, tí eku tí yóò sùn nínú rẹ̀ a sì máa fara mọ́ ohun tí ó bá ṣẹ́ kù.

Kí àgọ́ tó di ohun ìgbafẹ́, ọmọ ogun ni ó ń gbé e kiri. Àwọn ọmọ ogun Faransé a máa pín in sí méjì, kí ẹnì kan ru ìdajì, kí ẹnì kejì ru ìdajì, kí wọ́n sì fi bọ́tìnnì so ó pọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Àwọn ọmọ ogun Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà gba àṣà náà lò nígbà ogun abẹ́lé wọn ti 1861 sí 1865, wọ́n sì sọ ọ́ ní àgọ́ ajá, wọ́n ní ajá nìkan ni ó lè rá wọ inú rẹ̀ kí ara tù ú. Ẹnu àgọ́ náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹsẹ̀ ẹni gíga a sì máa sùn sí ìta. Òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji bá rí ni eji ń pa.

Láàárín àwọn agunkè, Edward Whymper, agbẹ́gi-yàwòrán ará Lọ́ńdọ̀nù tí òun pẹ̀lú àwọn tí ó kó lẹ́yìn kọ́kọ́ dé ṣóńṣó òkè Matterhorn ní 1865, ṣe àgọ́ kan tí òpó igi mẹ́rin gbé ró, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní ìbú àti ní òró, tí gbogbo rẹ̀ wọ̀n tó pọ́n-ùn 23, èyí tí ó lé díẹ̀ ní kílò mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jẹ́ 183 sẹ̀ǹtímítà, mo sì bẹ òǹkàwé kí ó fi iye yìí pamọ́ sínú, nítorí a óò tún bá a pàdé. Àgọ́ Whymper dára, ó lágbára, ṣùgbọ́n ẹrù alágbàrù ni, kì í ṣe ẹrù ẹni tí ó dá rìn. Albert Mummery, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí òkè Nanga Parbat gba ẹ̀mí rẹ̀ ní 1895, ni ó gé ẹrù náà kúrú: ó fi aṣọ ṣẹ́dà rán àgọ́ kékeré kan, ó sì kọ òpó sílẹ̀ pátápátá, nítorí pé àáké yìnyín tí agunkè ń mú lọ́wọ́ láti àárọ̀ ni ó rì mọ́lẹ̀ ní alẹ́ láti fi ṣe òpó. Láti ọjọ́ náà ni gíga àgọ́ ti di gíga ọ̀pá tí ó wà lọ́wọ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ jókòó nàró nínú irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì fi orí gbá òrùlé.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ẹni tí a lè pè ní baba fún gbogbo àwọn tí ń pàgọ́ nítorí ìgbádùn, ọ̀dọ̀ télọ̀ kan ni a óò lọ. Thomas Hiram Holding jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní 1853 nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un dání nínú ọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ó la pápá gbalasa Amẹ́ríkà kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti mọ́ra pẹ̀lú oorun ìta kí ó tó mọ abẹ́rẹ́ í dì mú. Nígbà tí ó dàgbà, tí ó di télọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi ọkọ̀ àjẹ̀ rìn, ó fi kẹ̀kẹ́ ológeere rìn, ó sì ṣe ìwé jáde ní 1898 lórí ìrìn rẹ̀ ní Connemara ní ilẹ̀ Ireland. Ní 1901 ni a dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ gbé àgọ́ kiri sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó ṣì wà títí di òní lábẹ́ orúkọ Camping and Caravanning Club. Ní 1908 sì ni ìwé ńlá Holding, The Camper's Handbook, jáde. Ṣẹ́dà ni aṣọ tí ó yàn, ọparun tí a lè já sí wẹ́wẹ́ ni òpó rẹ̀, ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ sì lè di gbogbo rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ láìsí pé ó mọ̀ ọ́n lára. Mo máa ń rò ó pé bí iṣẹ́ yìí bá ti dúró lọ́wọ́ àwọn télọ̀, ìwọ̀n ara oníbàárà ni wọn ì bá kọ́kọ́ máa gbà kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ ti aṣọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá, tí ń rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgọ́ sí ìwọ̀n kan ṣoṣo, ẹni tí ó bá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ìwọ̀n náà a dúpẹ́, ẹni tí kò bá ṣe rẹ́gí a ká orúnkún.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 1935 ni Wallace Carothers àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ DuPont ṣe àwárí náílọ́ọ̀nù; nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni a fi rán páráṣúùtì, lẹ́yìn ogun ni ó sì lé òwú àti ṣẹ́dà kúrò nínú iṣẹ́ àgọ́. Òpó alumíníọ̀mù gba ipò igi. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ The North Face gbé àgọ́ rìbìtì kan jáde, tí ó ti inú èrò Buckminster Fuller, ayàwòrán ilé ará Amẹ́ríkà, wá, ní 1976 sì ni Early Winters ti ìlú Seattle ta àgọ́ tí ó jẹ́ ọjà àkọ́kọ́ tí a fi Gore-Tex, aṣọ tí omi òjò kì í là kọjá, ṣe. Iṣẹ́ ọpọlọ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò yí ọ̀ràn ẹni tí ó dá rìn padà.

Àwọn tí ó yí i padà ni àwọn tí kò tilẹ̀ gbé àgọ́ rárá. Ní 1955, ìyá àgbà kan tí ń jẹ́ Emma Gatewood, ẹni ọdún 67, fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Appalachian ní Amẹ́ríkà já, ọ̀nà tí ó gùn tó 3,500 kìlómítà, aṣọ ọ̀rá tí a ń ta sí balùwẹ̀ ni ó sì fi bo ara lọ́wọ́ òjò. Ní 1992 ni Ray Jardine, agunkè tí ó ti rin ọ̀nà Pacific Crest láti ààlà Mẹ́síkò dé ààlà Kánádà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, kọ ìwé tí ó fi ń gba àwọn arìnrìn-àjò níyànjú pé kí wọ́n fi àgọ́ sílé kí wọ́n sì na tapólì sókè. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn létí. Lábẹ́ tapólì, gíga kì í ṣe ẹ̀sùn: kò sí ògiri tí yóò kan ẹsẹ̀, ẹni gíga a sì na ara rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn náà kò rí ògiri tí yóò dí i lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni ìjì tí ń ti ẹ̀gbẹ́ rọ́ òjò wọlé.

Láàárín àgọ́ àti tapólì yìí ni àwọn aṣàgọ́ tí ó rántí ẹsẹ̀ ti dìde. Ní Sweden, Bo Hilleberg, tí ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1971, ṣe àgọ́ Akto fún ẹnì kan: òpó kan ni ó tẹ̀ bí òṣùmàrè ní àárín, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀pá kúkúrú gbé igun méjèèjì orí àti igun méjèèjì ẹsẹ̀ dìde, tí aṣọ kò fi lè wó lé ẹni tí ó sùn lójú. Ìwọ̀n rẹ̀ kò jìnnà sí kílò kan àti àbọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Henry Shires, ẹni tí ó rin ọ̀nà Pacific Crest ní 1999, rán nǹkan tí ó jẹ́ ìdajì tapólì, ìdajì àgọ́; láti inú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Tarptent ti jáde, tí àwọn àgọ́ rẹ̀ bíi Notch fi ọ̀pá ìrìn ṣe òpó gẹ́gẹ́ bí Mummery ti fi àáké ṣe é, tí a sì fi ọ̀pá kábọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ìpẹ̀kun méjèèjì dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn ni aṣọ tuntun kan ti ojú òkun wá. Fún ìgbòkun ọkọ̀ America³, tí ó gba ife-ẹ̀yẹ America's Cup ní 1992, ni a ti lo aṣọ kan tí okùn tín-ín-rín Dyneema wà láàárín awẹ́ ọ̀rá méjì, tí kì í fà, tí kì í mu omi. Ilé iṣẹ́ Zpacks, tí Joe Valesko dá sílẹ̀ ní 2005, fi í rán àgọ́ ẹlẹ́nìkan tí kò tó ìdajì kílò, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ju 500 dọ́là lọ. Náílọ́ọ̀nù a máa dẹ̀ bí ó bá mu omi òjò, a sì wó sún mọ́ ojú ẹni ní òru; aṣọ yìí kì í dẹ̀. Àǹfààní gidi ni èyí fún ẹni gíga, ẹni tí àlàfo tí ó wà láàárín imú rẹ̀ àti aṣọ kò ju ìbú ọwọ́ lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí 183 sẹ̀ǹtímítà. Iye yìí gan-an ni gígùn ẹní aláfẹ́fẹ́ tí a ń tà fún gbogbo ènìyàn títí di òní. Ẹni gíga ni í wá ti 196, èyí tí ó sábà máa ń fẹ̀ tó 64 sẹ̀ǹtímítà dípò 51, tí kò sì ní wọ inú àgọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ fún níbi ẹsẹ̀. Àwọn aṣàgọ́ a máa kọ ọ́ pé ilẹ̀ àgọ́ wọn gùn tó 215 sẹ̀ǹtímítà, ẹni tí ó ga tó 195 a sì rò pé ogún ṣẹ́ kù fún òun. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ nìkan ni wọ́n wọ̀n. Ẹní ti gbé e sókè ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, ẹsẹ̀ nínú àpò ìsùn sì dìde lórí rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ fi wà ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀. Bí ògiri bá dagun ní dígírì 45, ní gíga yẹn, 30 ti lọ níbi orí, 30 ti lọ níbi ẹsẹ̀, 215 ti di 155. Èémí ẹni tí ó sùn a di omi sára ògiri tútù, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tí ó wà nínú àpò ìsùn a mu ún, ìyẹ́ tí ó bá sì ti tutù kò lè mú ènìyàn móoru mọ́. Ohun tí ó ń dùn wá ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni: nínú ìkérora gbogbo àwọn arìnrìn-àjò gíga tí mo ti gbọ́, àpò ìsùn tí ó tutù níbi ẹsẹ̀ ni ó ń ṣáájú.

Jíjókòó náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ẹni 195 sẹ̀ǹtímítà, bí ó bá jókòó, orí rẹ̀ yóò ga tó 100 sí ilẹ̀, ẹní yóò sì fi mẹ́jọ kún un. Àgọ́ tí òrùlé rẹ̀ kò bá tó 108 yóò sọ ọ́ di abuké títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Dan Durston, ará Kánádà, wá ọ̀nà àbáyọ mìíràn ní 2018 nínú àgọ́ X-Mid: ó ri ọ̀pá ìrìn méjì mọ́lẹ̀ ní ìdábùú, kí ẹni tí ó sùn lè gba àárín wọn na ara láti igun dé igun, níbi tí òrùlé ti ga jù. Nínú àwọn ìṣe tí mo mọ̀, èyí àti ọ̀pá kúkúrú ìpẹ̀kun ni ó tọ́ sí ẹni gíga, bí wọ́n tilẹ̀ lè fi ìwọ̀n díẹ̀ kún ẹrù. Ẹni tí ó bá tìtorí ìwọ̀n díẹ̀ yẹn sùn ní kíká kò rù ú, ṣùgbọ́n ó san án. Ẹ̀yin aṣàgọ́, ẹ máa kọ gígùn àgọ́ yín ní 30 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra á sì fẹ́ ẹní yín kún, kí ẹ sùn sínú àgọ́ náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.