Bí Ìlù Bá Yí Padà: Ìpààrọ̀ Agbábọ́ọ̀lù ní Ìbẹ̀rẹ̀ Ìdíje Bọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n

Bí ìlù bá yí padà, ijó a yí padà. Nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni onílù, ìgbà tó bá sì kọ́kọ́ pààrọ̀ èèyàn ni ìlù ń yí. Èèyàn márùn-ún ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí pápá. Ìpín mẹ́rin oníṣẹ́jú 12 ni ìdíje NBA ti Amẹ́ríkà. Ti FIBA, àjọ àgbáyé, jẹ́ oníṣẹ́jú 10. Ẹni tó jáde lè padà wọlé léraléra, èyí tí kò sí nínú ìdíje ńlá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá.

Òmìnira yìí gan-an ló mú ọ̀rọ̀ náà le. Àwọn márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ máa ń lo ìṣẹ́jú mélòó kan kí wọ́n tó mọ ọwọ́ ara wọn: ta ni yóò ju bọ́ọ̀lù sí ta, ta ni yóò ṣọ́ ta. Ẹni tó ń ti orí bẹ́ńṣì bọ̀, ara rẹ̀ ti tutù. Bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin irú wọn bá wọlé pọ̀, eré tó ti ń já geere lè dàrú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ń yọ èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọn kì í jẹ́ kí ògbóǹtarìgì méjì sinmi pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá yára ṣẹ fáwùlù méjì, ètò ti bàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́ńṣì ló kàn.

Red Auerbach, akọ́nimọ̀ọ́gbá Boston Celtics, ló sọ “ẹni kẹfà”, ẹni tó máa ń kọ́kọ́ ti orí bẹ́ńṣì wọlé, di ohun ìjà. Frank Ramsey, lẹ́yìn rẹ̀ John Havlicek, tó ẹni tí à bá fi bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ orí bẹ́ńṣì ni wọ́n ń wà títí yóò fi máa rẹ àwọn alátakò.

Ọdún 2015 ni Steve Kerr, akọ́nimọ̀ọ́gbá Golden State Warriors, yí àṣà yìí padà. Andre Iguodala, agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ ìdíje kankan ní gbogbo sáà náà kí àṣekágbá tó dé. Nígbà tí Cleveland Cavaliers, alátakò wọn nínú àṣekágbá náà, fi ìdíje 2 sí 1 ṣíwájú, Kerr fi Andrew Bogut, òmìrán àárín, sórí bẹ́ńṣì, ó sì fi Iguodala bẹ̀rẹ̀ ìdíje kẹrin. Cleveland kọ́kọ́ gba 7 sí 0. Ẹni tó bá kánjú dájọ́ ì bá ti ní àṣìṣe ni. Àmọ́ kí ìpín àkọ́kọ́ tó parí, Warriors ti fi 31 sí 24 ṣáájú. 103 sí 82 ló parí sí. Iguodala tún bẹ̀rẹ̀ ìdíje méjì tó tẹ̀ lé e, Warriors borí nínú méjèèjì, òun ni wọ́n sì fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù lọ nínú àṣekágbá.