Ṣé Etí Ẹ Di Ni? Ìtàn Èérí Etí àti Ohun Tá A Fi Ń Ro Ó

Ó ṣòro kéèyàn dàgbà nílé Yorùbá kí wọ́n má tíì sọ ọ́ sí i rí: "Ṣé etí ẹ di ni?" Wọ́n rán ẹ níṣẹ́, o ò tètè dìde, etí ẹ di nìyẹn. Tíṣà pè ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, o ò dáhùn, etí ẹ di nìyẹn. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà, "gbọ́", la fi ń sọ pé ohùn wọ etí, pé ọ̀rọ̀ yé èèyàn, àti pé èèyàn ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kì í gbóhùn dáadáa fi máa ń yára di aláìgbọ́ràn lójú wa. Wọ́n á na ọmọdé sí i. Wọ́n á ní ìyá àgbà ti ń ṣarán. Bẹ́ẹ̀, nígbà míì, òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yẹn: etí di lóòótọ́, èérí ló dí i. Tó bá sì jẹ́ èérí ni, ó ṣeé yọ.

Ibi tí wàhálà wà ni bá a ṣe ń yọ ọ́. Ẹ wo ohun tá a fi ń ro etí nílé wa: ìyẹ́ adìyẹ, igi ìṣáná, ìdérí báírò, kọ́kọ́rọ́, píìnì irun, àti kọ́tìn-bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà nínú ike lọ́jà. Ní 2009, àwọn dókítà kan ní Ìlọrin tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n bi léèrè ló ń fúnra wọn ro etí. Kò yani lẹ́nu. Àṣà yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí èérí etí jẹ́. A ń pè é ní ìdọ̀tí, àmọ́ ara ló dìídì ń ṣe é. Nítòsí ẹnu ihò etí, awọ ara máa ń sun ọ̀rá àti oje kan. Àwọn yìí á pò pọ̀ mọ́ awọ tó ti kú, wọ́n á di èérí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń mú eruku àti kòkòrò wínníwínní kí wọ́n má dé inú, kì í sì í jẹ́ kí omi ba awọ etí jẹ́. Awọ inú etí náà kì í dúró sójú kan: láti ọ̀dọ̀ ìlù etí ló ti ń hù bọ̀ síta díẹ̀díẹ̀, á sì máa gbé èérí bọ̀. Bó o bá ń jẹun, tó ò ń sọ̀rọ̀, àgbọ̀n ẹ tó ń mì ń ràn án lọ́wọ́. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, etí ń fọ ara rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan bọ̀ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló rí bẹ́ẹ̀ fún. Ihò etí àwọn kan há. Àgbàlagbà, èérí tiwọn máa ń gbẹ, á sì le. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ẹ̀rọ náà á máa dí èérí lọ́nà. Ẹni tó ń fi igi ro etí ńkọ́? Ìyẹn ń ti èérí padà síbi tó ti ń bọ̀ ni, á wá kì í mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń ki ẹ̀tù sínú ìbọn.

Igi ríro etí ti pẹ́ láyé. Ní 1976, àwọn tó ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́ ní Anyang, nílẹ̀ Ṣáínà, kan sàréè Fu Hao, ayaba kan tó ti kú láti nǹkan bí 3,200 ọdún sẹ́yìn. Lára àwọn ẹrù olówó iyebíye tí wọ́n sin mọ́ ọn ni ohun ìroetí tí wọ́n fi òkúta jade gbẹ́. Àwọn ará Róòmù náà ní tiwọn, ṣíbí tín-ín-rín tí wọ́n fi idẹ tàbí egungun ṣe. Auriscalpium ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ti hú u jáde káàkiri ibi tí ìjọba wọn dé. Nígbà tí Mary Rose, ọkọ̀ ojú omi ogun Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rì ní 1545, àwọn atukọ̀ tó bá a lọ sísàlẹ̀ omi ní ohun ìroetí nínú ẹrù wọn. Ní Íńdíà, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun ni: àwọn aroetí ṣì ń rìn kiri ní Delhi títí dòní, kí oníbàárà jókòó sẹ́bàá títì, kí wọ́n ro ó fún un.

Nǹkan kan wà tó yẹ ká mọ̀ nípa ilẹ̀ Éṣíà yẹn. Ní 2006, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Jàpáàn rí i pé jíìnì kan ṣoṣo, ABCC11, ló ń pinnu bóyá èérí etí èèyàn á gbẹ tàbí á rọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Ṣáínà, Kòríà àti Jàpáàn, tiwọn gbẹ, ó ń ṣí bí èèpá. Tiwa nílẹ̀ Áfíríkà rọ̀ ní tiẹ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Bí igi bá kan irú èyí, díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ igi, inú oníǹkan á dùn pé òun rí nǹkan yọ. Èyí tó kù ti wọlé sí i.

Ọgbọ́n kejì náà ti pẹ́. Ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, ará Róòmù kan tó ń jẹ́ Celsus kọ ìwé ìṣègùn kan, De Medicina. Ó sọ níbẹ̀ pé bí èérí bá ló ń dí etí, kí wọ́n da òróró tí wọ́n ti yá sí i, tàbí kí wọ́n lo àwọn ohun mìíràn tí wọ́n pò mọ́ oyin. Nígbà tí èérí bá rọ̀ tán ni wọ́n tó lè yọ ọ́. Ẹ kíyè sí bó ṣe tò ó: rírọ̀ ló kọ́kọ́ wá. Kò ní kí wọ́n gbé igi lọ bá èérí tó le.

Lẹ́yìn èyí, ayé ṣì ń fi ojú oríṣiríṣi wo èérí etí. Ní 1829, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Lydia Maria Child, ṣe ìwé fún àwọn ìyàwó ilé tó fẹ́ ṣọ́ owó ná. Ó gbà wọ́n níyànjú níbẹ̀ pé kí wọ́n fi èérí etí pa ètè tó bó. Ẹ rọra, ẹ má gbìyànjú ẹ̀. Mo kàn ní kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìgbà kan wà tí wọn ò kà á sí ẹ̀gbin rárá.

Omi náà ní ìtàn tiẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, dókítà etí kan wà ní Vienna, lórílẹ̀-èdè Ọ́síríà, tó ń jẹ́ Robert Bárány. Ó máa ń fi omi fọ etí àwọn aláìsàn, àwọn kan sì máa ń ráhùn pé òòyì ń kọ́ àwọn. Ọ̀kan lára wọn sọ fún un pé omi yẹn ló tutù jù. Nígbà tí Bárány wá lo omi tó gbóná jù, òòyì tún kọ́ onítọ̀hún, ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ ń sáré lọ sí òdìkejì. Bárány rò ó wò, ó sì rí i pé ibi tí ara fi ń mọ̀ pé òun dúró ṣinṣin wà nínú etí níbẹ̀, àti pé omi tí kò bá ìgbóná ara mu máa ń dà á rú. Ìwádìí yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel ti 1914 fún un. Inú àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Rọ́ṣíà ló wà nígbà tí ìròyìn náà kàn án. Ẹ̀kọ́ tó kù fún wa nílé ò le: omi tí a bá máa fi kan etí, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ara ni. Má lo omi inú fíríìjì, má sì lo omi gbígbóná.

Kọ́tìn-bọ́ọ̀dù dé ní 1923. Ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Pólàǹdì àmọ́ tó ń gbé Amẹ́ríkà, Leo Gerstenzang, rí ìyàwó rẹ̀ tó ń wé òwú mọ́ igi ìtayín kó lè fi tọ́jú ọmọ wọn jòjòló. Ó rò ó pé igi yẹn lè gún ọmọ. Ó bá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń ṣe èyí tí wọ́n ti wé òwú mọ́ láti ilé. Nígbà tó yá, orúkọ ẹ̀ di Q-tips. Ọmọ ọwọ́ ló ṣe é fún, àwa àgbà la gbé e wọ ihò etí. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti ń kọ ọ́ sára páálí pé kí wọ́n má fi bọ inú etí. Ta ló ń ka ara páálí? Ó ń dùn mọ́ni, ká sòótọ́. Awọ inú etí fúyẹ́, ó tètè ń mọ nǹkan lára, téèyàn bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kì í fẹ́ dáwọ́ dúró. Àwọn àgbà ní ìka tó tọ́ símú la fi ń romú. Imú ní ìka tiẹ̀. Ní ti etí, àwọn dókítà òyìnbó máa ń sọ pé kéèyàn má fi ohun tó kéré ju ìgúnpá lọ bọ̀ ọ́.

Àwọn kan tún máa ń tan àbẹ́là sí etí, wọ́n ní iná á fa èérí jáde. Ní 1996, àwọn olùwádìí dán an wò: kò fa ohunkóhun. Àbẹ́là tó yọ́ ló ń dà sínú etí àwọn mìíràn. Wọ́n ń pè é ní ọgbọ́n àwọn Hopi, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, àwọn Hopi sì ti ní àṣà àwọn kọ́ nìyẹn.

Kí ló wá kù tá a lè ṣe nílé? Ọ̀rọ̀ Celsus ni. Ní 2018, ẹgbẹ́ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, wo gbogbo ohun tí wọ́n ń kán sí etí. Wọn ò rí ẹ̀rí pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ, omi lásán àti omi iyọ̀ náà wà lára wọn. Nítorí náà, kò dìgbà tó o bá ra èyí tó wọ́n. Òróró ólífì tí ọ̀pọ̀ ilé ń tọ́jú fún àdúrà tó. Fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn, kí etí tó di wà lókè. Kán òróró sí i ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, má jẹ́ kó gbóná, kó o sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá kó tó jáde. Máa ṣe é lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Etí lè kọ́kọ́ di sí i díẹ̀ bí èérí ṣe ń rọ̀, má jáyà. Lẹ́yìn náà, fi í sílẹ̀ kó jáde fúnra rẹ̀. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Èyí tó bá dé ẹnu ọ̀nà, fi aṣọ tútù nu ún.

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ ṣe é: ẹni tí ìlù etí rẹ̀ ti lu rí, ẹni tí etí ń dùn, ẹni tí ọyún tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí rẹ̀. Kí wọ́n lọ rí dókítà. Bí etí kan bá sì ṣàdédé kú lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, má ro pé èérí ni. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, torí oògùn tí wọ́n fi ń gbà á là kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ tó bá pẹ́.

Àwọn ará wa ní ìlú ọba mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ilé yìí fi ṣe pàtàkì. Ní 2018, NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà ibẹ̀ sọ́nà, sọ pé bí èérí bá ń dí ìgbọ́ràn àgbàlagbà, kí wọ́n bá a yọ ọ́ nítòsí ilé rẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ GP ti dáwọ́ ẹ̀ dúró, èèyàn á lọ fi owó ara rẹ̀ san án. Nílé níbí náà, ọ̀pọ̀ ìlú ni kò ní dókítà etí kankan. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ á jókòó sí kọ̀rọ̀, á máa rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, tàbí ọmọ tí gbogbo èèyàn ń pè ní olóríkunkun, ẹ má tíì pariwo mọ́ ọn. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ yín, kí nọ́ọ̀sì fi iná wo inú etí rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ò ní pé jù.