Okùn Fáíbà: Láti Etí Òkun dé Ẹnu Ọ̀nà Ilé Wa



Ní ọdún 1886 ni a fi okùn wáyà gba abẹ́ òkun so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ ìjọba àti ti àwọn oníṣòwò ńlá ni wáyà náà ń gbé. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn náà kí okùn fáíbà tó dé. Gíláàsì ni a fi ṣe é, tín-ín-rín bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán sáré nínú rẹ̀.

Èyí tí ó kọ́kọ́ dé Èkó ni SAT-3, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2002. Ọwọ́ NITEL nìkan ni ó wà, owó rẹ̀ sì ga. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé-ìwé gíga nígbà náà yóò rántí bí a ti ń sùn mọ́jú ní kàfé, nítorí pé owó òru kéré sí ti ọ̀sán. Ní ọdún 2010 ni Glo-1 àti MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Obìnrin ni ó dá MainOne sílẹ̀, Fúnkẹ́ Òpékè, ọmọ Iléolújì, ẹni tí ó kàwé ní Ifẹ̀, tí ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kí ó tó padà wálé. Okùn rẹ̀ tó 7,000 kìlómítà láti ilẹ̀ Pọ́túgàl dé Èkó. Ní ọdún 2022 ni ti Google dé, tí wọ́n pè ní Equiano. Ẹni tí a gba ojú òkun gbé lọ lẹ́rú ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe okùn tí ó gba abẹ́ òkun wọlé!

Òkun kò wá jìnnà sí wa mọ́. Ilẹ̀ ni ó jìnnà. Ìjọba Àpapọ̀ pinnu pé kí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára kárí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kí ọdún 2025 tó parí, ṣùgbọ́n ní àárín ọdún náà, kò tíì pé 50, orí fóònù alágbèéká sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Owó tí àwọn ìpínlẹ̀ ń gbà kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ẹ̀bá títì wà lára ohun tí ó fà á. Ní ọdún 2020 àwọn gómìnà fohùn ṣọ̀kan lórí ₦145 fún mítà kan. Èkìtì sì sọ ₦4,500 tirẹ̀ di ₦145.

Kí á má fi òtítọ́ pamọ́, kì í ṣe ìjọba nìkan. Nígbà tí àwọn tí ń ri fáíbà mọ́lẹ̀ dé ibodè wa, àdúgbò mẹ́ta ni ó béèrè ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ wa náà béèrè tirẹ̀. A wà ní ìpàdé náà, a sì nawọ́ sí i. Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n gba ìlú kejì lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ wa ti ń gun ọ̀kadà lọ sí ibẹ̀ láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Bí ọmọ tí ó wà ní òkè òkun bá sì fẹ́ rí ojú ìyá rẹ̀ lórí fóònù, àwòrán á dúró gbagidi, ohùn á sì máa já.

Ìwé ti dé ọwọ́ akọ̀wé pé àwọn òṣìṣẹ́ náà fẹ́ padà wá. Òun ni a ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò ní ìpàdé gbogbogbòò oṣù Kejìlá. Ẹni tí kò bá lè wá, kí ó fi èrò rẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú. Àbá tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ àti àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má ṣe gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ wọn.