Ìkòkò Òdòdó Gbígbẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, “Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì.” Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn ìgbà àtijọ́ yóò rí i pé òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n yóò tún rí i pé kì í ṣe gbogbo ọgbọ́n àná ni ó ń di wèrè. Ìkòkò òdòdó gbígbẹ àwọn ará Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Pot-pourri ni àwọn Faransé ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “ìkòkò jíjẹrà”. Ọbẹ̀ ẹlẹ́ran oríṣiríṣi kan tí àwọn ará Sípéènì ń sè, olla podrida, ni wọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ náà túmọ̀. Nígbà tí ó yá ni wọ́n wá fi í pe àdàlù òdòdó tí ń ta sánsán nínú ilé.

Ní òwúrọ̀, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ tí oòrùn kò sì tíì mú, ni wọ́n ń já òdòdó róòsì. Wọn a sá a sí ibòji títí yóò fi rọ, láìjẹ́ kí ó gbẹ tán. Wọn a tẹ́ ẹ sínú ìkòkò, wọn a bu iyọ̀ lé e. Wọn a tún tẹ́ òmíràn, wọn a tún bu iyọ̀, títí ìkòkò yóò fi kún. Iyọ̀ a fa omi inú òdòdó jáde, kò sì ní jẹ́ kí ó bàjẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo rẹ̀ a lẹ̀ pọ̀, a sì ṣú. Ẹni tí ó bá wò ó nígbà náà kò ní bá orúkọ rẹ̀ jà. Wọn a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọn a po kànáfùrù mọ́ ọn, àti ìyẹ̀fun gbòǹgbò òdòdó írísì tí kì í jẹ́ kí òórùn náà tètè lọ. Àwọn mìíràn a sá òdòdó gbẹ pátápátá láìfi iyọ̀ sí i: èyí dára lójú jù, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ tó ti àkọ́kọ́.

Nǹkan ọlá ni ní ilẹ̀ Faransé. Ní nǹkan bí 1757, ilé iṣẹ́ tánganran ti Sèvres, nítòsí Paris, mọ ìkòkò rẹ̀ kan bí ọkọ̀ ojú omi, ọmọrí rẹ̀ ní ihò tí òórùn ń gbà jáde. Madame de Pompadour, àyànfẹ́ Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún, wà lára àwọn tí ó rà á. Nǹkan bí mẹ́wàá péré ni a mọ̀ pé ó kù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti afẹ́ nìkan. Àwọn ènìyàn ìgbà náà gbà pé òórùn búburú ni ó ń gbé àrùn wá, àti pé òórùn dídùn lè lé e. Ní oṣù kẹrin 1750, wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n Newgate wá sí ilé-ẹjọ́ Old Bailey ní London. Ibà ẹ̀wọ̀n bẹ́ sílẹ̀. Ó pa olórí ìlú náà, ó pa adájọ́ méjì àti ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn. Lẹ́yìn èyí, ewé olóòórùn dídùn ni wọ́n ń tẹ́ sí ilé-ẹjọ́, àwọn adájọ́ sì ń mú ìdì òdòdó lọ́wọ́ bí apata. Ní 1909 ni Charles Nicolle, oníṣègùn ará Faransé, fi hàn ní Tunis pé iná tí ń gbé inú aṣọ ni ó ń gbé ibà náà kiri. Òdòdó kò lè ran iná.

Ohun méjì, nígbà náà, ni ó wà nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa iyọ̀ jẹ́ òtítọ́ títí di òní; ohun tí wọ́n gbà nípa àrùn kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ọwọ́ kan náà ni ó ṣe méjèèjì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kó àṣà àwọn baba wa jọ, ẹ má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ má sì ṣe gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ẹ bi àṣà kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí ó ń ṣe gan-an, kí ẹ tó bi í léèrè ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe.