Victor Ọláìyá, ọmọ àjò tó ń fọn fèrè

Àwọn tó wà ní Watt Market, ẹ fi fóònù sétí kí ẹ máa dá oníbàárà yín lóhùn, ọ̀rọ̀ tèmi ò ní pẹ́. Ìtàn ọba àti ìtàn ogun ni ẹ ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú mi. Èmi ò mọ ìyẹn, orin ni mo mọ̀ díẹ̀.

Olóògbé Victor Ọláìyá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo ayé mọ bàbá yẹn mọ́ Èkó, mọ́ Sùúrùlérè. Ṣùgbọ́n, ẹ gbọ́ o, Kàlàbá tí a wà yìí ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 31 oṣù December ọdún 1930. Ará Ìjẹ̀ṣà-Ìsù ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà-Ìsù ti Èkìtì ni mo wí o, kì í ṣe Iléṣà, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá mi jà. Ọmọ 24 ni wọ́n bí nínú ilé yẹn, ọmọ 19 ló ti wà níwájú rẹ̀ kó tó dé.

Bàbá rẹ̀ kì í ṣe tálákà. Ní 1933 ó ra ilé àwọn Fernandez ní Tinúbú, Èkó, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1855 ní àrà àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé. Òun ni wọ́n ń pè ní Ilojo Bar. Ìjọba sọ ilé yẹn di ohun ìrántí ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní 2016. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fetí sí èyí. Ọmọ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ó yege. Howard University ní Amẹ́ríkà gbà á pé kó wá kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó ní òun ò lọ, fèrè ni òun fẹ́ máa fọn. Ta ni nínú wa tí ò ní figbe ta? Àwọn òbí rẹ̀ náà ò fẹ́ ẹ rárá. Nígbà yẹn, alágbe lásán ni wọ́n ka olórin sí.

Ọ̀dọ̀ Bobby Benson ló ti kọ́ iṣẹ́. Jam Session Orchestra ni Bobby Benson pe ẹgbẹ́ tirẹ̀, orúkọ yẹn ti sọ ibi tí ọkàn wọn wà: jazz, orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tí fèrè máa ń dá fèrè lóhùn. Ìgbà tó yá, E.T. Mensah àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Tempos bẹ̀rẹ̀ sí í ti Gánà wá sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ni gbogbo Èkó bá gba ti highlife. Ohun tí mo fẹ́ràn lára Ọláìyá ni pé kò ju ọ̀kan sílẹ̀ mú ìkejì. Ìlù ilé wa wà nísàlẹ̀, fèrè jazz wà lókè. Ní 1954 ó dá Cool Cats tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá ní 1956, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣeré. Òmìnira 1960, òun náà ni. Ó lọ ṣeré fún àwọn sójà ní Congo. Ní 1963 wọ́n lọ sí àjọ̀dún jazz ní Czechoslovakia, ìgbà yẹn ni wọ́n di All Stars.

Fela kọrin lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó lọ sí London ní 1958. Tony Allen tó wá lu dúrọ́ọ̀mù fún Fela, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun náà ti bẹ̀rẹ̀. Igi méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra ni wọ́n kọ́kọ́ kó fún un.

Ibi tó kan àwa tí à ń gbé ìlú onílùú nìyí. Àdàlù ni ẹgbẹ́ highlife Èkó nígbà náà: Ìgbò wà níbẹ̀, ará Kàlàbá wà níbẹ̀, Ìjọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn 1966 ṣẹlẹ̀ tí ogun sì dé ní 1967, ọ̀pọ̀ wọn sá lọ sílé. Afọnfèrè lọ, onígìtá lọ, àga ṣófo lórí ìtàgé. Jùjú gba ìgboro, Obey àti Sunny Adé. Mi ò bá jùjú jà o, jùjú ni wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn olórí báàńdì highlife. Ti Ọláìyá ò bọ́.

Ìdí rẹ̀, lójú èmi oníṣòwò, ni pé bàbá yẹn ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń kó ohun èlò orin wọ̀lú láti òkè òkun, ó ń tà á káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó tún dá Stadium Hotel sílẹ̀ ní Sùúrùlérè. Kò sí onílé ijó tó lè sọ fún un pé kó má wá lọ́la. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ fèrè, kó wá bá a níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ máa ń sáré kọjá lórí ìyẹn. Èmi ò rò pé ó yẹ.

Mo dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní 1986. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní Ìdúmọ̀tà. A tajà dáadáa ní Sátidé kan, ọ̀gá mi ní ká lọ. Mo rò pé ariwo ni màá bá. Bàbá jáde, fèrè lọ́wọ́ kan, áńkáṣíìfù funfun lọ́wọ́ kejì. Ó fọn díẹ̀, ó nu ojú, ó wo àwọn oníjó bí ẹni ń wo ọjà tó tò sórí àtẹ, ó tún fọn. Kò kánjú. Àwọn ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ń bá ọkọ wọn jó jẹ́jẹ́. Ọ̀gá mi, tí kì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, dìde jó. Mi ò rí i kó jó mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ní 2013, tí 2face bá bàbá tún Baby Jọ̀wọ́ kọ, ọmọbìnrin mi ń fi fóònù lù ú kiri ilé. Orin 2face ló pè é. Ọmọ yìí, ibí la bí i sí. Tí a bá lọ ṣọdún ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ ilé á máa pè é ní ọmọ Kàlàbá, wọ́n á máa fi Yorùbá ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, á sunkún títí. Mo ní, “Bàbá àgbà tó ń kọ Yorùbá yẹn, Kàlàbá ni wọ́n bí òun náà sí.” Ó pa orin. Ó ní, “Dádì, ẹ búra.” Mo búra. Láti ìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti pè é ní ọmọ Kàlàbá, á ní, “Èmi àti Ọláìyá ni.”

Ọjọ́ 12 oṣù February 2020 ni bàbá lọ, lẹ́ni ọdún 89. Tony Allen tẹ̀lé e ní ọjọ́ 30 oṣù April ọdún kan náà, ní Paris. Kòrónà ti ti ọjà pa nígbà yẹn, inú ilé ni mo jókòó sí tí mò ń lu àwo. Ọmọ Pupa nìkan ni mi ò ní. Ẹni tó bá ní i nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, kó gbé e wá sípàdé Sunday, ẹ̀rọ tí a fi ń lu àwo ń bẹ lọ́dọ̀ mi.