Ìró àti Lẹ́tà nínú Ìwé Ọmọdé ní Ìpínlẹ̀ Rivers

Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀ ní ọdún 1967, tí Port Harcourt sì di olú-ìlú rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn èdè ibẹ̀ ni kò ní ìwé ìbẹ̀rẹ̀ fún ọmọdé. Àìní yìí ni ètò Rivers Readers Project, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, gbìyànjú láti dí. Kay Williamson, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, wà lára àwọn òpómúléró rẹ̀.

Àkọtọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Yorùbá lè fi p nìkan kọ ìró inú ‘pápá’. Kalabari kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé p àti kp yàtọ̀ síra níbẹ̀. Fáwẹ̀lì àìránmúpè mẹ́sàn-án ni èdè náà ní, méje ni tiwa. Ìdí nìyí tí àmì fi wà lábẹ́ i àti u pàápàá. Àmì wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́: bí ọmọ Yorùbá bá yọ wọ́n kúrò, ọkọ di oko.

Ní ọdún 1970 kan náà ni Babs Fafunwa bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè kan ṣoṣo, tí a ti ń kọ sílẹ̀ láti ìgbà Crowther, ni Ifẹ̀ gbé dání. Ti Rivers wúwo jù ú lọ: èdè tí ó lé ní mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń béèrè lẹ́tà tirẹ̀.